Ìdajì Oògùn Nínú Ògì

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń wọ ọkọ̀ láti Ìkìrun lọ sí Inísà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí mo máa ń gbé àpò irinṣẹ́ mi lé itan bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Káfíńtà ni mí. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè mí ní Inísà. Oògùn kòkòrò HIV ni mo ń lọ gbà níbẹ̀, abẹ́ ìṣó àti òòlù ni mo sì ń kó o sí bọ̀ wálé kí ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin má baà rí i.

Òkukù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìpá ń yọ mí lẹ́nu, ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ sì ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kí wọ́n tó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí sínú yàrá kékeré kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún mi. Wọ́n fara balẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n ní ìbálòpọ̀ ló sábà ń gbé e káàkiri, pé abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì náà lè gbé e, pé ìyá tí kò rí ìtọ́jú lè kó o ran ọmọ nínú oyún, nígbà ìbímọ, tàbí nínú ọmú. Wọ́n ní kì í ràn nínú abọ́ oúnjẹ, kì í ràn nínú ìbọwọ́, ẹ̀fọn kì í gbé e. Wọ́n ní ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ láì pa ọjọ́ kan jẹ lè pẹ́ láyé bíi gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n mú ìyàwó mi wá fún àyẹ̀wò. Mo ní mo gbọ́.

Mi ò mú un wá. Mo mọ ibi tí mo ti kó o, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà kan wà tí mo fi oṣù mẹ́jọ kan òrùlé ní ìlú òkèèrè. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkìrun ò ṣeé gba oògùn fún mi, torí kò sí ibi tí wọn ò ti mọ̀ mí níbẹ̀. Ní Òkukù, àbúrò ìyàwó mi ń tajà létí títì. Mo bá mú Inísà. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa lórí bẹ́ǹṣì yẹn kì í ṣe ará Inísà. Àwọn ará Inísà, mo gbà pé Ìkìrun ni wọ́n ń lọ. A ń pàdé ara wa lójú títì, kálukú ń sá fún ìlú ara rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Káfíńtà! Inísà yìí náà ni? Ilé ta lẹ̀ ń kàn níbẹ̀ tí kì í parí?”

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn á dá a lóhùn pé, “Ilé ìyàwó kékeré ni! Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń sanra ni? Ó mọ oúnjẹ sè.”

Gbogbo ọkọ̀ á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Oògùn ló ń mú mi sanra. Ó tù mí lára pé ohun tí wọ́n rò nìyẹn. Mi ò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ àwàdà náà lè dé Ìkìrun ṣáájú mi.

Ní ọdún kejì, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Aránṣọ ni. Ikọ́ náà lé ní oṣù kan, kò lọ. Lẹ́yìn náà ó ń rù. Òógùn ń bò ó lójú oorun débi pé aṣọ ìbora ń rin gbingbin. Nǹkan funfun bo ahọ́n rẹ̀, oúnjẹ sì ń dùn ún lẹ́nu bí egbò. Ó ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, ó ra oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ó lo àgbo. Aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó dín in kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, ó tún dín in kù. Láàárín gbogbo àwọn tó ń ṣàánú rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe é. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Bí mo bá sọ ọ́, á mọ̀ pé èmi ni mo gbé e wá bá òun.

Ohun tí mo ṣe dípò rẹ̀ nìyí. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ìwé alẹ́, mo ti hewú díẹ̀ kí n tó gba ìwé mẹ́wàá, torí náà mo ka ara mi sí ọ̀mọ̀wé. Mo ka ìwé pélébé tó bá oògùn náà wá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tó ti ní kí èèyàn pín in. Èmi wá rò ó bí ẹni tó ń wọn pákó, pé bí hóró kan bá wà fún èèyàn méjì, kí kálukú rí ìdajì. Ní aago méje ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi abẹ fẹ́lẹ́ gé hóró náà sí méjì géérégé. Màá gbé ìdajì mì. Màá lọ ìdajì kejì kúnná, màá dà á sínú ògì rẹ̀, màá fi ṣúgà bò ó.

Èmi tí mi ò gbé ìkòkò kaná rí láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó, èmi ni mo wá ń po ògì. Obìnrin ilé kejì rí mi, ó patẹ́wọ́. “Irú ọkọ wo lèyí, Ìyá Aránṣọ! Ẹ jẹ́ kí tèmi wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.” Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó máa ń gba ife náà lọ́wọ́ mi, á ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀.” Màá lọ jókòó síwájú ilé. Bí mo bá padà, ife ti ṣófo. Mo ń retí kó sanra.

Kò sanra. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ọ̀sì Inísà pè mí wọlé. Obìnrin àgbà kan ni, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín bó tilẹ̀ ń ṣàwàdà. Èsì àyẹ̀wò tó ń sọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó ti lọ sílẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó tún ti gòkè. Ṣé ẹ ń gbàgbé ni?”

Mo ní mi ò gbàgbé.

Ó wò mí. “Káfíńtà, ta lẹ̀ ń pín in fún?”

Mo fa àpò irinṣẹ́ mi mọ́ra.

“Bí òrùlé bá fẹ́ igi ẹsẹ̀ méjìlá, tí ẹ gé e sí mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ fi kan ilé méjì, èwo ló máa dúró nínú àwọn ilé náà?”

Mo ní kò sí.

“Ìdajì kì í pa kòkòrò yìí. Ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọ, kó lè mọ bó ṣe máa borí oògùn. Ẹ ń ba tiyín jẹ́, ẹ ò sì tọ́jú wọn. Ẹ mú wọn wá lọ́la. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o, ọ̀gá. Lọ́la.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò po ògì. Mo jókòó sórí àpótí tí ìyàwó mi máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bó bá ń ránṣọ, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti Òkukù, ti ìlú òkèèrè, ti bẹ́ǹṣì Inísà, ti abẹ fẹ́lẹ́. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó bi mí léèrè.

“Ohun tí ẹ ń dà sínú ògì nìyẹn?”

Mo ní òun ni.

“Mo rí yín láti ojú fèrèsé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí mo ti rí yín. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ni mo ń dà á sí.”

Mo dìde lọ sójú fèrèsé.

“Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ ti gbé ìyàwó kan sí Inísà. Mo rò pé ẹ fẹ́ pa mí kó lè ráyè wọlé.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ké sí àwọn èèyàn rẹ̀, kí ló dé tí kò bá tirẹ̀ lọ.

“Kí n lọ síbo? Kí n sọ fún wọn pé kí ni? Pé ọkọ mi ń po ògì fún mi?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Nígbà tó mí délẹ̀, ó ní, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ṣáà ti rí ìtọ́jú.”

Lọ́jọ́ kejì a jọ wọ ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà rí wa, ó ní, “Háà, Káfíńtà, ẹ ń mú ìyáálé lọ kí ìyàwó?” Ìyàwó mi dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ fojú mi rí i.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn rí bó ṣe rí.

HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jìnnà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n fi ti kòkòrò kún un. Wọ́n yí tèmi náà padà. Wọ́n yẹ ọmọ wa obìnrin wò, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ìyàwó mi ń lo odindi hóró rẹ̀ níwájú mi. Ó tilẹ̀ jẹun díẹ̀ ní oṣù kejì. Ní oṣù kẹrin, ó kú. Dókítà ní bí a bá ti tètè wá ni, ó ṣeé ṣe kó wà láàyè. Kò mọ̀ pé ọdún méjì ni mo ti mọ̀.

Ó ti di ọdún mẹ́jọ báyìí. Mo ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ara mi le. Wọn ò rí kòkòrò náà mọ́ bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò kúrò lára mi, àmọ́ ó ti lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní mi ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni nípa ìbálòpọ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń lo oògùn bó ṣe yẹ. Ó yẹ kí èmi pẹ̀lú ìyàwó mi jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà míì, nọ́ọ̀sì náà máa ń ní kí n jókòó ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Lóṣù tó kọjá, tíṣà kan ni. Ó bi mí bóyá òun lè fi í pa mọ́ fún ìyàwó òun fún ìgbà díẹ̀ ná. Mo ní kó sọ ọ́ lónìí, kó mú un wá lọ́la.

“Nígbà tí ẹ sọ fún tiyín, bàbá, kí ni wọ́n sọ?”

Mo ní ó dárí jì mí. Òótọ́ ni, ó dárí jì mí, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí mi ò lè sọ fún tíṣà náà ni pé fún oṣù mẹ́fà tí obìnrin yẹn fi gbà pé mo ń fún òun ní májèlé, kò sí àárọ̀ kan tí kò kúnlẹ̀ kí mi pé, ẹ kú àárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?