Àwọn Tó Padà Wá Dúpẹ́

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé Mowo lọ́jọ́ náà. Ayé ológun ni, bẹntiróòlù ti di ohun à ń wá kiri, mo fẹsẹ̀ rìn títí kí n tó rí ọ̀kadà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi gan-an kò wù mí. Ilé-iṣẹ́ wa ló fi ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ àti òbí wọn sọ́wọ́ àwọn oníinṣọ́ránsì ìlera kan. Àwọn yẹn ló ń fún dókítà ní máàkì bí ọmọ iléèwé, èmi ni wọ́n ní kí n máa yẹ máàkì náà wò bóyá ó tọ́. Dókítà tó bá ń gbẹ́yìn léraléra, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń sanwó fún.

Dókítà Mowo ló ń gbẹ́yìn. Òun nìkan ló sì sún mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa àti òbí wọn tó ń gbé Ajido àti Kankon. Ọ̀nà Èkó lọ́hùn-ún ni èyí tó tún kù wà. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi gbé aláìsàn débẹ̀?

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé àwọn aláìsàn rẹ̀ ń padà wá jù. Lójú àwọn oníinṣọ́ránsì, ẹni tó bá tún wọlé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ara rẹ̀ kò yá nìyẹn, dókítà ò mọṣẹ́. Mo jókòó ti rẹ́jísítà. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kì í sì í fo ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí ló ń ṣe gbogbo àwọn tó padà wá yìí.

Ó wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. "Kò sóhun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n wá dúpẹ́ àná ni. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́ ńkọ́? Àbí wọn kì í pa á lówe níbi tí wọ́n ti bí ọ?"

Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, a sì ń pa á. Ojú tì mí.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá kan fi wọlé láti Ajido, ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wa. Ó gbé ẹja dání, ó kúnlẹ̀. "Dókítà, ẹ ṣé àná o."

"Ẹ dìde, màmá. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti wá, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín." Dókítà wò ó, ó ga, ó fi kún oògùn rẹ̀. Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀. Àbùkù mìíràn nìyẹn fún dókítà.

Mo kọ̀wé ṣàlàyé fún àwọn oníinṣọ́ránsì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ́jísítà làwọn ń kà. Ọ̀gá mi ní kí n yé da ara mi láàmú. Kí n má purọ́, ó sú mi, mo wá ọ̀nà tó rọrùn. Mo padà sí Mowo, mo dúró níwájú àwọn tó jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà ti gbọ́ ọpẹ́ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró tì yín, ẹ má padà wá mọ́."

Ìyá Ajido wà níbẹ̀. Ègùn ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ó ní kí ẹni tó jókòó tì í tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó mi orí sí mi. "Mo gbọ́."

Máàkì dókítà gòkè. Wọ́n tilẹ̀ kọ ìwé yìn ín, inú mi sì dùn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọmọ ìyá náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní apá òsì màmá òun ti rọ, kò sì lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Mo bi í kí ló dé tí wọn ò tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Orí ń fọ́ wọn fún ọjọ́ mélòó kan. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹ ti sọ pé káwọn má padà wá, kí wọ́n má baà lé dókítà lọ."

Ó gbé ẹja yíyan kan sórí tábìlì mi. "Ìyàwó mi ló yan án. Màmá ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé ẹ jẹ́ kí dókítà dúró."

Mo gbà á. Kí ni ǹ bá ṣe?