Àgbò Inú Ọ́fíìsì Mi

Láyé ìjọba ológun, òṣìṣẹ́ ìlera ẹran ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹran tó bá gba bodè orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ wọlé la máa ń yẹ̀ wò. Èyí tí ara rẹ̀ ò bá yá, a ó yà á sọ́tọ̀. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nilé ọkọ mi wà, nítorí náà, ojú títì ni mo máa ń wà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọdún tí wọ́n ń tún ọgbà ẹran wa ṣe ló rẹ̀ mí jù. Agbaṣẹ́ṣe ṣí páànù gbogbo ilé ẹran, ó wó ògiri yàrá àwọn ẹran tó ń ṣàìsàn, ó wá ní òun ń wá sìmẹ́ńtì lọ. A ò rí i mọ́. Òjò ti ń rọ̀, Iléyá sì ti ń sún mọ́lé.

Alájì kan tó ń ta àgbò l'Ọ́jà Igbó kó ẹran dé. Ọ̀kan nínú wọn ń da itọ́ lẹ́nu, ó ń tiro.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò lè kó wọn wọ ọjà báyìí. Ẹ jẹ́ á so àwọn yòókù mọ́gi ká máa ṣọ́ wọn, ká ya eléyìí sọ́tọ̀."

"Níbo, ìyá? Ilé yín ò lórùlé."

Òótọ́ ló sọ. Ọ́fíìsì mi nìkan ló ṣẹ́ kù tó ní páànù lórí. Mo gbé tábìlì mi jáde sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì fa àgbò náà wọlé.

Abẹ́ igi yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń bomi fún un, mò ń gbálẹ̀ rẹ̀, mò ń fi oògùn fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá délé, òórùn rẹ̀ á ṣì wà lára mi.

Ọkọ mi béèrè lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ṣé àwọn ọ̀gá yín ò lè gbé iṣẹ́ ẹ wá sí Ọ̀yọ́ níbí ni?"

"Mo ti bẹ̀ wọ́n títí," mo ní. Kó tó sọ̀rọ̀ míì, mo ti sùn lọ nídìí oúnjẹ.

Ara àgbò náà yá kọ́dún tó dé, nǹkan kan ò sì ṣe àwọn yòókù. Lẹ́yìn Iléyá, Alájì gbé itan àgbò kan wá fún mi. Mi ò béèrè èwo ni. Mo dúpẹ́, mo gbé e fún ìyá ọkọ mi.

Agbaṣẹ́ṣe padà wá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó parí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wa wá láti Ìbàdàn, ó fọwọ́ pa ògiri tuntun náà.

"Ìyáàfin, ẹ ti wá ń gbádùn báyìí."

"Ẹ ṣé, sà," mo ní. Bí màá ṣe rí mọ́tò Ọ̀yọ́ kílẹ̀ tó ṣú ni mò ń rò.