Wọ́n Fẹ́ Fi Orí Mi Ṣe Ẹ̀rí Nípa Òpó Titirou

Mo ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní àdúgbò Titirou, ni ìdajì abẹ́rẹ́ náà bá pòórá. Mo ṣẹ́jú, mo tún wò ó: ìdajì kan ṣoṣo ni mo rí. Ìmọ́lẹ̀ ń kọ mànàmànà ní igun ojú mi. Láìpẹ́, ẹ̀fọ́rí gbá apá ọ̀tún orí mi mú, èébì sì tẹ̀ lé e.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n gbé òpó tẹlifóònù kan nàró lẹ́yìn ògiri wa. Òpó náà ni mo fura sí. Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa àgbà tó ń ta wàrà, ti ń kó ènìyàn jọ: kí ìjọba wá wọn ìtànṣán rẹ̀, agbára tí ojú kò rí tó ń gbé ohùn kiri, kí wọ́n sì dín òdiwọ̀n tí òfin gbà láàyè kù níbi tí ọmọdé ń sùn.

Ó ní, “Ìyá Bíọ́dún, orí rẹ ni ẹlẹ́rìí wa. A ó gbé e síwájú olórí àdúgbò!”

Mo ní, “Tí ẹ bá gbé orí lọ, kí ni n ó wé gèlè lé?”

Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Àwọn obìnrin ń kó hóró oògùn ẹ̀fọ́rí wá, èyí tí wọ́n rà lórí àtẹ. N kò fẹ́ kọ oore, mo ń gbé wọn mì. Ẹ̀fọ́rí tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wá di ojoojúmọ́.

Ní ilé ìwòsàn, mo fi ìbòrí bojú lórí bẹ́ǹṣì nítorí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó kàn mí, dókítà náà, obìnrin, ní kí n da gbogbo oògùn mi sórí tábìlì.

Ó ní, “Túúlu ni, ìyá. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ti di àìsàn kejì.”

Túúlu sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ orí kan. Ó lè da ojú rú, kí ó sì fa èébì. Bí a bá ń lo oògùn ìrora léraléra, á mọ́ orí lára, orí á sì máa fọ́ síwájú sí i. Mo bi í léèrè òpó. Ó ní òun kò rí ohun tó tọ́ka sí i lára mi.

Nígbà tí mo dá hóró dúró, ìrora náà kọ́kọ́ le sí i. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún àwọn tó wá kí mi: “Ẹ mú oògùn yín padà, ẹ bá wa pọn omi.” Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú oògùn tí dókítà kọ, orí mi rọ̀.

Ọjọ́ ìpàdé lọ́dọ̀ olórí àdúgbò pé. Ìyá Ràfíù pè mí síwájú. Mo mọ̀ pé bí mo bá dá òpó lẹ́bi, gbólóhùn dókítà kan ṣoṣo lè wó gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa palẹ̀.

Mo ní, “Ẹ yọ àìsàn mi kúrò. Dókítà kò rí ohun tó so ó mọ́ òpó. Ẹ̀tọ́ wa láti mọ ohun tó ń kọjá lórí ọmọ wa kò nílò aláìsàn.”

Ìyá Ràfíù pòṣé. “Àbí wọ́n ti fi káàdì tẹlifóònù dí ọ lẹ́nu ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a kọ sí ìjọba.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wọn ìtànṣán náà lójú wa: kò kọjá òdiwọ̀n òfin. A ṣì ń béèrè pé kí wọ́n dín òdiwọ̀n náà kù nítòsí ilé ìwé àti ibùsùn, kí wọ́n sì máa kéde ohun tí wọ́n bá rí. Bí òtítọ́ nìkan ṣe wà lẹ́nu wa, kò sí ibi tí wọ́n lè gbà tì wá ṣubú.

Túúlu ṣì ń yọjú nígbà mìíràn. Mo ti mọ ìwà rẹ̀. Lánàá Ìyá Ràfíù wá kí mi. Wàrà ló gbé wá, kì í ṣe hóró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo gbé abẹ́rẹ́ sókè: odindi ni.