Bí Àbúrò Mi Ṣe Tọ́ Ọfà Ojú Kọ̀ǹpútà Sọ́nà

Àbúrò mi obìnrin, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-fò-ó, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kankan rí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó lọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì rí ohun tí obìnrin yìí rí.

Ọdún méjìlélógún ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan, láti orí tapuráítà títí dé orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wọn ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí ẹnì kan bá ń kàwé sókè fún un kó lè yẹ ohun tó tẹ̀ wò, tí onítọ̀hún bá sáré kọjá ìlà kan, á kàn ní, "Má fò ó." Kò ní pariwo, kò ní bínú, àmọ́ ìka rẹ̀ kò ní kúrò lórí ìlà náà títí ẹni yẹn yóò fi padà sẹ́yìn. Nígbà tí ọ́fíìsì náà kógbá sílé, kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Ó gbé e wá sí yàrá iwájú ilé bàbá wa, èyí tó kọjú sí títì, ó gbé pátákó síta, ó sì di onítẹ̀wé tara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Bó bá fẹ́ ṣí lẹ́tà kan, èèyàn lè lọ wẹ̀ kó tó dé. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ló sọ fún un pé ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n lè fi rọ́pò èyí tó wà nínú rẹ̀, pé ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é ní gbangba, wọn kò sì fi inú rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi da àlàyé náà kọ sínú ìwé, ó fi odindi Sátidé kan tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà arúgbó ń sáré bí ọmọ ọdún méje. Nígbà tó sọ fún mi pé kọ́bọ̀ kan kò jáde lọ́wọ́ òun, inú mi kò balẹ̀. Káfíńtà ni mí, mo ti ń bá ọjà rírà jìjàkadì fún ogójì ọdún, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé ohun tí a kò fowó rà, ẹ̀yìn ni owó rẹ̀ wà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbé tábìlì tuntun lọ fún un. Igi gidi ni. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fi fáníìṣì kùn ún, mo sì ní kí wọ́n gé gíláàsì nípọnnípọn kan lé e lórí, kí yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé má baà bà á jẹ́. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń fọwọ́ pa á.

Kò ju oṣù kan lẹ́yìn náà tí iṣẹ́ ńlá dé. Ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà lẹ́yìn pápá ń wá onítẹ̀wé tuntun fún ìdánwò wọn. Ẹni tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fo ìbéèrè márùn-ún nínú ìwé ìdánwò kan, àwọn ọmọ sunkún, àwọn òbí sì ya bo ọ́fíìsì ọ̀gá. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, kó ìwé ìdánwò iṣẹ́ mọ́kànlá fún àbúrò mi láti fi dán an wò. Ó ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni òun ń bọ̀ wá gbà á. Bí ó bá pé tó sì dára, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà di tirẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé ńlá tó wà ní oríta. Àbúrò mi ti sọ fún mi pé bí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ òun, òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa nípárí oṣù, òun á lọ máa bá ọmọ òun obìnrin gbé, òun á sì máa jókòó wo ògiri ilé ọkọ ọmọ. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Títí di ìgbà yẹn, lẹ́tà lásán ló ń tẹ̀, kíbọ́ọ̀dù nìkan ló sì ń lò. Ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni máòsì yarí. Ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà, tó yẹ kó máa tẹ̀ lé ọwọ́ ẹni, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tinú rẹ̀. Bí ó bá ti máòsì síhìn-ín, ọfà á dúró gbọin-gbọin. Bí ó bá tún tì í, á fò lọ sí igun òkè, á sì wà níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ó sì fi kíbọ́ọ̀dù nìkan parí wọn. Àmọ́ méjì ṣẹ́ kù. Ìṣirò ní igun mẹ́ta àti òbìrí nínú, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí sì ní àwòrán ọkàn èèyàn tí wọ́n fẹ́ kó fi ìlà tọ́ka sí apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi kíbọ́ọ̀dù ya ọkàn.

Ní òdìkejì títì ni ọmọkùnrin kan ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ̀wù funfun ló máa ń wọ̀ sí iṣẹ́, nítorí náà Dókítà là ń pè é. Ó ti gbéyàwó, ó sì níwèé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lára ògiri. Ó mú máòsì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́ geerege. Ó dá a padà. Lórí tábìlì àbúrò mi, ó tún yarí. A ra òmíràn, ó yarí. Dókítà yá wa ẹ̀kẹta, òun náà kẹ́gbẹ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nǹkan bí aago méjìlá, tí Dókítà wá jókòó, tó ṣe ojú bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

"Mọ̀mí, máòsì mẹ́ta kì í ṣàìsàn kan náà," ó ní. "Ètò ọ̀fẹ́ yẹn ni. Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n fi èyí tí gbogbo ayé ń lò sí i."

"Títí ìgbà wo?"

"Bí kò bá yọ wá lẹ́nu, ọ̀la, lọ́wọ́ ọ̀sán."

Àbúrò mi bi í pé kí ló rí lára ètò náà tó fi dá a lẹ́bi. Dókítà ní òun ti rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Àbúrò mi ní òun kò bi í nípa ibòmíràn, pé ní ibí yìí ńkọ́? Dókítà yíjú sí mi pé kí n gba òun. Mo sì gbè é lẹ́yìn. Mo rán àbúrò mi létí pé mo ti sọ̀rọ̀ ohun ọ̀fẹ́ fún un, pé kò tíì pẹ́ jù, kó bẹ akọ̀wé náà kó fún un di ọjọ́ Ajé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ó ní. "Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, á gbà pé mo jọ onítẹ̀wé wọn àkọ́kọ́."

Ó fa ìwé kan yọ. Mo rò pé ó ti ń pààrọ̀ nǹkan káàkiri bí àwa yòókù ni, àṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pààrọ̀ wọn, tó sì ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ó ti yọ wáyà máòsì kúrò ní ihò iwájú, ó kì í bọ ti ẹ̀yìn: bákan náà. Ó dín eré ọfà kù: ó kàn ń rọra yarí ni. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn: bákan náà. Ṣùgbọ́n ó ti fi òbìrí yí ìlà méjì ká. Ní aago mẹ́wàá Ọjọ́rú, máòsì ṣiṣẹ́ dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ní bí ohun tó fẹ́ kú ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn.

Àbúrò mi yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ti kọ̀wé sí ibi tí àwọn tó ń lo ètò ọ̀fẹ́ náà ti ń jíròrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan tí kò mọ̀ rí sì ti fi àṣẹ kan ránṣẹ́ sí i. Ó ṣí fèrèsé dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ àṣẹ náà sí i. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, àṣẹ yẹn ń mú kí kọ̀ǹpútà máa kọ gbogbo ohun tó bá gbọ́ látẹnu máòsì síta, ìlà kan fún ohun kan. Ó tẹ bọ́tìnì máòsì lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ní kí Dókítà ka ìlà tó jáde. Dókítà kà á: ogún, ọ̀kan fún títẹ̀, ọ̀kan fún jíjọ̀wọ́. Kò dín, kò lé. Ó wá rọra ti máòsì láti etí tábìlì kan dé èkejì. Ìlà mẹ́ta jáde. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Méjì tún jáde.

"Wáyà kan náà, ihò kan náà, ètò kan náà ni títẹ̀ àti títì ń gbà kọjá," ó ní. "Bí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, kí ló dé tí ọ̀kan ń dé tí èkejì ń sọnù?"

Dókítà fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

Àbúrò mi dojú máòsì délẹ̀, ó gbé ikùn rẹ̀ sókè. Iná pupa tó wà níbẹ̀ ń tàn. Ó rọra na àtẹ́lẹwọ́ kọjá níwájú iná náà. Ìlà ń tú jáde bí òjò, ọfà sì ń rìn tìrìn-tìrìn lójú kọ̀ǹpútà, kò fò, kò dúró. Ó fi apá aṣọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ọfà rìn. Ó fi ẹ̀yìn ìwé ṣe bẹ́ẹ̀, ọfà rìn. Ó wá dá máòsì padà sórí tábìlì. Gbọin-gbọin.

Ó padà sí ìlà méjì tó fi òbìrí yí ká, ó ń ronú. Ní Ọjọ́rú, ìwé ìbéèrè tí olùkọ́ fọwọ́ kọ ló tẹ́ sórí tábìlì, máòsì sì wà lórí rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, bákan náà. Ó gbé ojú kúrò lórí ìwé, ó wo tábìlì. Lẹ́yìn náà ló wo èmi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú," ó ní. "Gíláàsì yín ni."

Ojú ni iná pupa yẹn jẹ́. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń wò kó lè mọ̀ pé òun rìn: okùn ara aṣọ, hóró ara páálí, ìkọ̀wé ọwọ́ olùkọ́. Èmi ti dán igi, mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀meje, mo tún fi gíláàsì bò ó, ohun tí ojú náà yóò rí kò sí mọ́. Nínú ogójì ọdún, oníbàárà kankan kò gbé tábìlì padà wá fún mi pé ó ń dán jù. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ètò ọ̀fẹ́ àti tábìlì mi wọ inú yàrá yẹn, gbogbo wa sì nawọ́ sí èyí tí a kò mọ̀. Owó máòsì tuntun àti owó gíláàsì, mo ti ro ó pọ̀ nínú mi kí n tó mí èémí kejì. Ohun tó sì tún un ṣe ni páálí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó ti kọjá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní ra. Àbúrò mi tẹ́ ẹ sábẹ́ máòsì, ọfà sì ń lọ síbi tó bá rán an, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́.

Dókítà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fi àìsàn tábìlì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi ní kó dúpẹ́ pé aláìsàn náà kọ̀ láti gun bẹ́ẹ̀dì.

Aago kan ti lé. Àbúrò mi jókòó ti iṣẹ́. Ó ya igun mẹ́ta, ó ya òbìrí, ó fi létà sí igun kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ sórí ọkàn, ó fa ìlà kọ̀ọ̀kan láti ara rẹ̀ wá síbi tí nọ́ńbà wà, ìlà náà sì kan ibi tó yẹ kó kàn. Dókítà ń kó bébà sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èmi ń to èyí tó ń jáde. Aago mẹ́ta àbọ̀ kọjá díẹ̀ ni a di páálí kẹrin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni akọ̀wé náà wọlé, kò tilẹ̀ tíì tó àkókò.

Ó fi awò sójú, ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìbéèrè. Nígbà tó dé orí àwòrán ọkàn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó bèèrè pé ta ló yà á. Àbúrò mi ní òun ni. Akọ̀wé náà ṣí ìwé ìdánwò ìtàn ayé, ó rí àmì kékeré kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí etí ẹ̀dà tó wà lókè, ó sì bèèrè ohun tó jẹ́.

"Ìbéèrè kẹrìnlá àti ìkẹfà, ohun kan náà ni olùkọ́ fi méjèèjì bèèrè, mà," àbúrò mi ní. "Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní kí n fi hàn yín ni."

Akọ̀wé náà ka ìkẹfà, ó ka ìkẹrìnlá. Ó yọ awò. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án rèé tí òun ti ń gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ onítẹ̀wé, ẹnikẹ́ni kò ka ìbéèrè rí. Ó pe olùkọ́ náà lórí fóònù níbẹ̀, ó bèèrè ohun tó fẹ́ fi rọ́pò ìkẹrìnlá, àbúrò mi tẹ tuntun sí i, ó tún ojú ìwé náà tẹ̀ jáde kí aago mẹ́rin tó lù.

"Ti sáà yìí dé ọwọ́ mi," akọ̀wé náà ní. "Ti sáà tó ń bọ̀, ẹ máa retí rẹ̀. Àti ìwé èsì àwọn ọmọ. Àti gbogbo ìyókù."

Páálí mẹ́rin ló yẹ kó dé inú ọkọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọ̀kan, mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní kò dáa kí ẹ̀gbọ́n òun máa rẹrù. Mo ní alááru ni mí lónìí, n kò sì ní gba owó. Dókítà gbé méjì, èmi gbé méjì, ẹ̀yìn mi ń ké, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àbúrò mi rìn lọ níwájú wa lọ́wọ́ òfìfo, gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wò ó, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ júwe ibi tí a ó gbé wọn sí.