Pádì Tí A Fi Ẹsẹ̀ Tẹ̀ ní Òkè-Sopẹn

Mo rántí ìgbà tí òórùn òjé yíyọ́ tí mo fi ń lẹ wáyà máa ń bá mi wọ kíláàsì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí àwọn tó jókòó tì mí á máa wo abẹ́ àga wọn bóyá nǹkan ń jó. Físíìsì ni mo ń kọ́, mo sì ti fi ara mi joyè onímọ̀ ẹ̀rọ kí yunifásítì tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí kankan. Pádì géèmù ni mo fẹ́ràn jù láti máa tú, àwọn pádì àtijọ́ olókùn wọ̀nyẹn, tí bọ́tìnnì wọn ti dẹ̀, tó jẹ́ pé bí o bá fẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù rẹ yà sọ́tùn-ún, ìwọ náà á fi gbogbo ara yà bá a.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọkùnrin Òkè-Sopẹn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ló ni ẹ̀rọ géèmù tí gbogbo wa fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ náà ti gbó débi pé a ní láti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tàn. Kò sẹ́ni tí ọ̀rẹ́ mi kì í nà. Bó bá nà ọ́ tán, á rọra jókòó tì ọ́, á fún ojú pọ̀, á máa kí ọ bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀ọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jayé títí ọ̀kadà fi gbé e ṣubú lọ́nà Orù, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ náà, àwọn ìka rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó di ẹ̀rọ náà sínú páálí, ó ní kí a bá ara wa díje, kí ẹni tó bá borí máa gbé e lọ, nítorí òun kò ní ohun tí òun fẹ́ fi ṣe mọ́.

Ó dùn mí wọra. Kì í ṣe ẹ̀rọ náà ló ń dùn mí. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tó bá kúrò nílé rẹ̀, òun náà ti kúrò láàárín wa nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹyọ nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ náà, pé ẹni tó bá na gbogbo wa gbọ́dọ̀ kojú òun fúnra rẹ̀ kó tó gbé e. Ó bi mí pé ọwọ́ wo ni òun fẹ́ fi gbá a.

Mo ní, “Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn, ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá.

Ìjẹ̀bú-Igbó kì í wá pákó tì. Mo tọrọ àgékù kan nílé ìlagi ní Òjòwò, mo ra bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà, èyí tí àlejò máa ń tẹ̀, mo kàn wọ́n mọ́ pákó náà, mo sì fi wáyà so wọ́n mọ́ inú pádì. Ọwọ́ òsì á máa darí agbábọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ọ̀tún á máa gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan tí agbábọ́ọ̀lù gbẹ́sẹ̀ sókè, ijó tí mo jó yí bẹ́ẹ̀dì mi ká kò ṣeé ròyìn. Ó yẹ kí n bo àwọn ojú ibi tí mo ti so wáyà, àmọ́ wọ́n dára lójú mi jù, mo fẹ́ kí ayé rí wọn. Ọ̀rẹ́ mi fi pákó náà kọ́ṣẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le koko ní gbogbo ìgbà.

Ọmọkùnrin kan láti Awà, ọmọ ààfáà, ló na gbogbo wa. Ilé ìyá ọ̀rẹ́ mi la ti fẹ́ gbá àṣekágbá. Màmá ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé nígbà tí a dé. Ó bi mí bóyá ọmọ òun ni mo fẹ́ fẹ́ ni àbí ẹrù rẹ̀ ni mo wá tú. Mo ní kí n kọ́kọ́ tú ẹrù ná. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní a kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan nílé òun láìgbàdúrà. Aládùúrà ni Màmá, gbogbo wa bọ́ bàtà, ọmọ ààfáà náà bọ́ tirẹ̀, àmín tirẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Nígbà tí a máa fi lajú, Màmá ti da ìgò omi àdúrà kan sórí pákó mi látòkè délẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí etí omi ní Waterside, tí mo mọ bí omi ṣe ń ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jẹ́, mo dúró, mo ń wò, mo sì ní àmín. Ta ló fẹ́ sọ fún Màmá pé omi àdúrà ń ba nǹkan jẹ́?

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, pákó ya wèrè. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé ó tẹ nǹkan kan. Ọ̀kan gbá a síta, òmíràn gbá a sáwọ̀n ara wọn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Lẹ́yìn náà ni aṣọ́lé rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, kí ọ̀rẹ́ mi sì tó gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, ó ti fi gbogbo agbára gbá a kọjá lórí gbogbo èèyàn, ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó wọ àwọ̀n ọmọ Awà. A wá ń gbọ́ ohùn kékeré kan láti inú ikùn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rín ni. Ó rín títí ó fi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ tó ń dùn ún di ikùn mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín náà gbẹ̀yìn, èmi náà ń rín, omi ń bọ́ lójú mi.

Ká ní ọmọ Awà yẹn fẹ́, ìbá máa gbá a lọ, ẹ̀rọ ìbá sì di tirẹ̀. Ó gbé pádì rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, “Ẹ lọ yá a níná. Pákó ni mo ń bá gbá yìí, kì í ṣe ìwọ.”

A gbé pákó náà sí ẹ̀gbẹ́ iná gàrí. Màmá béèrè ohun tó ṣe é, ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé òtútù ń mú un. Màmá kàn mirí, ó sì ń fi igbá tó fi ń yan gàrí yí i padà lóòrèkóòrè kó lè gbẹ dénú. Nígbà tí a tún un gbá, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ràn. Góòlù kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ mi fi borí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló fi gbá a. Páálí ẹ̀rọ náà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì fún ojú pọ̀, ó lọ jókòó ti ọmọ Awà, ó ń kí i kú ara fẹ́ra kù.

Ọwọ́ náà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ nígbà tó yá. Títí di òní, Màmá ṣì ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé omi ló gba ọmọ òun là. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń bojú rín. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, n kì í bá a jiyàn mọ́, torí mo wà níbẹ̀, mo sì mọ góòlù tó dá ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ padà.

Mo kó àwọn ọmọ mi lọ kí Màmá àti ọ̀rẹ́ mi lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi gbé pádì gidi fún ọmọ mi, ó wọ yàrá, ó gbé pákó jáde, ó sì bọ́ bàtà. Màmá gbọ́ ariwo géèmù láti yàrá rẹ̀, ó ní ṣé kí òun gbé omi wá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé kí Màmá jọ̀ọ́, ká kọ́kọ́ dáná gàrí.