Ọkọ̀ Dúdú àti Ọwọ́ Àna Mi

Ọkọ̀ dúdú kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀lẹ. Ẹni tó tà á fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé òótọ́ ló sọ. Eruku tí ọkọ̀ funfun lè rù kiri fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹni tó máa fura, tó bá fi lè bà lé ọkọ̀ dúdú láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ti rí i kí ó tó di ọ̀sán. Oregun l'Ékòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kan tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ méjì tí eruku wọn kì í sinmi. Àdúgbò Ọgbà ni mo ń gbé. Kí n tó ra ọkọ̀ yìí, mo ti wọ kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì títí orúnkún mi fi mọ gbogbo ìjókòó wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Inú fídíò orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, mo sì mú un bí ẹ̀sìn. Kí oòrùn tó mú ni, nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì tutù. Èèyàn á kọ́kọ́ da omi lé e dáadáa, kí iyanrìn ṣàn lọ kí ọwọ́ tó kàn án. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán tí a ó máa fi ṣan fóòmù kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, táyà ló ń kẹ́yìn, aṣọ táyà kò sì gbọdọ̀ kan ara ọkọ̀ láé. Tí ó bá di nínù, táwẹ̀lì tó rọ̀ la máa tẹ́ lé e kí ó fa omi náà fúnra rẹ̀. A kì í ha á. Ìyàwó mi máa ń yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ rọra o, kí ẹ má jí i lójú oorun." Èmi náà á ní tó bá fẹ́ kí n wẹ òun bẹ́ẹ̀, kí ó wá tò sẹ́yìn ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ìyá ìyàwó mi ni bàbá rẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyàwó mi jẹ́ fún wọn. Dádì, bí àwa méjèèjì ṣe ń pè wọ́n, jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ní Èkìtì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, òòyì sì máa ń kọ́ wọn. Dókítà ní kí wọ́n má dá gbé mọ́. Ìyàwó mi ń kọrin nígbà tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Inú tèmi náà dùn, mi ò purọ́, nítorí bàbá náà kì í ṣe ẹni líle.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo gbọ́ ìró kan níta, ṣàà, ṣàà, ṣàà. Mo yọjú. Dádì ni mo rí, wọ́n wọ kẹ̀ǹbẹ̀ àti síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé abọ́ omi kékeré kan sílẹ̀, wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ ọkọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé abọ́ kékeré yẹn. Ní ìlú tí wọ́n ti dàgbà, orí òkè ni ilé wà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni omi wà. Ẹni tó bá ti fi èwe rẹ̀ pọn omi gun òkè yẹn kò ní da omi nù láé, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e lọ sétí ọ̀sà. Abọ́ omi kan ṣoṣo ni Dádì fi ń fọ odidi ọkọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àkísà gbígbẹ nu eruku kúrò, kí eruku má baà jẹ omi wọn. Wọ́n á bu ọṣẹ ìfọṣọ sínú abọ́, èyí tó lágbára jù tí ìyàwó mi fi ń fọ aṣọ funfun. Kànìnkànìn á ti orí ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, á lọ sí táyà, á tún padà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì nítorí pé wọ́n ti rí ibì kan tí wọ́n gbàgbé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa parí, omi inú abọ́ ti di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà ni wọ́n sì máa fi ṣan án. Ṣòkòtò àtijọ́ kan, tí bọ́tìnnì ṣì wà lára rẹ̀, ni wọ́n fi ń nù ún gbẹ.

Àkísà gbígbẹ yẹn ló kọ́kọ́ pa mí. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku tó wà lórí ọkọ̀ sì ní iyanrìn nínú. Mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ha ọ̀dà. Eyín mi ro mí.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo wí, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré tó tutù. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ṣé gan-an."

"Ọkọ̀ yìí dọ̀tí lánàá," ni wọ́n dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé báyìí lo fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́? Ọmọ tí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ bá rí báyìí, mo máa ń dá a padà sílé ni."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ẹbí wọn kí wọ́n tó fún mi ní ọmọ wọn, kí n wá jí lọ́jọ́ kan kí n ní, "Dádì, ẹ ò mọ ọkọ̀ fọ̀"? Mo wo ọkọ̀, mo wò wọ́n. "Ó ń dán, sà," ni mo sọ. Ẹnu mi yìí ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, òròòwúrọ̀ ni. Kí n tó wẹ̀ tán, wọ́n ti fọ̀ ọ́ tán. Ara Dádì sì ń yá sí i. Orin ni wọ́n fi ń jí. Wọ́n ń jẹun dáadáa, wọ́n ń ṣí ìkòkò fúnra wọn, wọ́n ń bá ìyàwó mi jà pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò láta tó. Àwọn tíṣà tó ń kọjá lọ sí ilé-ìwé àdúgbò máa ń dúró lẹ́nu géètì kí wọn. Ìyàwó mi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó ní ó ti ń wálẹ̀. Èmi ò wo ẹ̀jẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò. Tí oòrùn bá ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i níbi iṣẹ́, mo máa ń rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlà lórí ìlà, bí ilẹ̀ tí adìyẹ fi ẹsẹ̀ ha. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà kan ní Agege. Ó ní páálíìṣì lè pa díẹ̀ nínú rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n òun ò lè máa tún un ṣe kí ẹlòmíràn máa bà á jẹ́.

Mo dọ́gbọ́n sí i. Mo ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá méjì, mo gbé wọn síbi tí Dádì á ti rí wọn. Wọ́n pọn omi kún méjèèjì, wọ́n dé wọn, wọ́n ní bí kò bá sí iná tí a lè fi fa omi, a ò ní jìyà. Mo ra táwẹ̀lì tó rọ̀ fún nínu ọkọ̀. Wọ́n ní ó dára gan-an, wọ́n sì fi ń nu ojú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Màmá onílé wa ló wá la ọ̀nà fún mi láìmọ̀. Ó rí Dádì nídìí iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dá mi dúró lẹ́nu géètì. "Ṣé bàbá ìyàwó yín lẹ sọ di ẹni tó ń fọ ọkọ̀ fún yín? Háà! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò bẹ̀rù àna mọ́ o!"

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí n tó dé Oregun ni mo ti rí ohun tí mo lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ náà, mo lọ bá Dádì ní pálọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, sà. Àna mi ni yín. Kò yẹ kí ẹ máa fọ ọkọ̀ fún mi. Ayé ń wò mí. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó, kí àwa máa tọ́jú yín."

Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Kò sí àgbà tó máa gbọ́ ọ tí kò ní yìn mí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ ni mo nà bo bọ́nẹ́ẹ̀tì mi bíi tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù.

Dádì gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà fún mi títí. Wọ́n pe ìyàwó mi kí ó wá gbọ́. Wọ́n tẹ ẹ̀gbọ́n wọn láago ní Èkìtì, wọ́n ní ọkọ ọmọ àwọn gbé àwọn gẹ̀gẹ̀. Ní yàrá, ìyàwó mi dì mọ́ mi, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè bọ̀wọ̀ fún bàbá òun tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kò tó nǹkan. Ìtìjú fẹ́ pa mí, síbẹ̀ mo sùn dáadáa, torí pé ọkọ̀ mi ti bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dádì jáde ní àkókò wọn. Wọ́n dúró ti ọkọ̀ náà lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n wò ó, wọ́n padà wọlé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dé fìlà jókòó ní pálọ̀, ọwọ́ lórí orúnkún. Wọn ò ṣí ìkòkò mọ́. Wọ́n á béèrè bóyá àwọn lè tan tẹlifíṣọ̀n. Tí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á ní kí a má ṣe wàhálà. Wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Ẹ̀jẹ̀ wọn tún gòkè. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo mọ ohun tó fà á, mo sì ń gbé ọkọ̀ mi jáde lójoojúmọ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ilé ní Èkìtì. Wọn ò padà. Aládùúgbò wọn pè wá pé òun bá wọn nílẹ̀ níwájú ilé, òòyì ló kọ́ wọn. Ìyàwó mi ń bẹ̀ wọ́n lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, pé ọkọ rẹ̀ ń ṣe dáadáa fún àwọn jù, àwọn ò fẹ́ di ẹrù. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó wò mí. "Kí la ṣe fún wọn?" ni ó bi mí. Mo ní a ò ṣe nǹkan kan.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n wá rí dókítà ní Ikeja, wọ́n sì sùn sọ́dọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ padà ní Mọ́ńdè. Ìyàwó mi ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá tún ṣubú níbẹ̀, tí kò sí ẹni tó rí wọn ńkọ́?" Mo ní màá gbìyànjú.

Ní Sátidé, mo ń fọ ọkọ̀. Dádì gbé àga síta, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ń wo tíṣà tuntun. Lẹ́yìn tí mo ti ṣan fóòmù náà bí ìgbà mélòó kan, wọ́n bi mí.

"Kí ni bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì wà fún?"

"Ó ń gba iyanrìn, sà, kó má baà padà sára ọkọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n wá wo inú rẹ̀. Iyanrìn náà wà nísàlẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n lọ síbi bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kan lọ, wọ́n tọ òmíràn.

"Ṣé èmi ni mo ṣe èyí?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo lè ní ẹni tó tà á fún mi ni. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹnu yìí náà ló ti lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìdí nìyẹn tí o fi ní kí n sinmi."

"Ìdí nìyẹn, sà. Ẹ forí jì mí." Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi ọṣẹ.

"Dìde. Aṣọ rẹ ń tutù." Wọ́n padà sórí àga. "Nígbà tí ìyàwó rẹ wà ní kékeré, tí ìyá rẹ̀ bá lọ sóko, èmi ni mo máa ń di irun rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Á pariwo mọ́ mi pé, 'Dádì, ẹ ń fà mí lórí, ẹ ò mọ̀ ọ́n dì!' Mo máa ń tú u, màá tún un dì. Kò bù mí kù." Wọ́n tún fìlà wọn dé. "Mo ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé mo ní ọmọkùnrin kan l'Ékòó. Àṣé àna ni mo ní."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ní Mọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwa méjèèjì la ó jọ máa fọ̀ ọ́."

"Ilé ọmọ ẹni la ti ń dúró. Ilé àna, a máa ń yà kí wọn ni, a sì máa ń lọ," ni wọ́n wí. Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí orí ọkọ̀. "Tètè nù ún, kí omi tó gbẹ mọ́ ọn."