Ewúrẹ́ Inú Ìwé Orin

Owó tí mo fi wọlé síbi àjọ̀dún katúùnù ní Mowe lọ́sẹ̀ tó kọjá ì bá ra ìwé àti pẹ́ńsù fún gbogbo kíláàsì wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ifọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ wa bí àwòrán ṣe ń rìn fi àtàǹpàkò ṣí ìdìpọ̀ pépà, fìrìrì, ẹyẹ tó yà síbẹ̀ sì fò. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ní Ifọ ni mo rántí. Bọ̀dá mi ti ya ewúrẹ́ sí igun gbogbo ojú ìwé orin Bàbá, nítorí òun ni ìwé tó nípọn jù nílé wa. Bàbá sì ti búra pé bó bá tún yàwòrán sínú ìwé, yóò kúrò ní sùkúù, yóò lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà.

“Ta ló da ẹran wọ ṣọ́ọ̀ṣì?” ni Bàbá bèèrè.

Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀. “Èmi ni, sà. Ó ń rìn ni, sà.”

“Ó ń rìn lọ síbo?”

Bàbá mú ìwé náà lọ sẹ́yìnkùlé. Mo rò pé pàṣán ló lọ gé. Òórùn gààrí tí Ìyá ń yan gba gbogbo ilé. A gbọ́ fìrìrì. Ó dákẹ́. A tún gbọ́ fìrìrì. Nígbà tó wọlé, ìwé orin náà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí pàṣán.

“Dìde, lọ pọnmi,” ló wí fún Bọ̀dá.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ewúrẹ́ náà ni Bàbá ń wò bó ṣe ń rìn lẹ́yìnkùlé.

Bàbá ti lọ, Ìyá náà ti lọ. Bọ̀dá, tó padà di tíṣà àwòrán, la sin kẹ́yìn. Ó ku èmi àti ewúrẹ́ inú ìwé orin náà, tó ṣì ń rìn.